Má bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bi í pé aago mélòó lọ́la.

Ẹ̀yin tèmi, thread yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹni méjì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹni kìíní ni ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká. Ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ ẹni náà, tó ti di fóònù mú láti ìjẹta, tó ń kọ ọ̀rọ̀ tó tún ń pa á rẹ́, torí kò mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ìwọ ọ̀rẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Èrò mi rè é: ẹni tí ìgbéyàwó tú mọ́ lọ́wọ́ kò nílò onímọ̀ràn tó bó ṣe nílò ẹni tí wọ́n á jọ máa ṣe nǹkan kan, ní aago kan náà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tèmi, eré sísá ni. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi sá a.

Ọmọ ọdún 28 ni mí. Èjìgbò ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo lo ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, ó sì ti parí. Mi ò ní sọ ohun tó tú u ká fún yín. Bí mo bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ ni gbogbo yín á dúró sí. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́ lábẹ́ thread: ọkọ ló jẹ̀bi, rárá, ìyàwó ni. Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé á wá sọnù.

Ẹni tí kò mọ Èjìgbò lè má mọ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe rí níbí. Ìlú wa àti Àbíjàn, bí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra láti Èjìgbò, á gba Benin, Togo àti Ghana kọjá kó tó dé ọ̀hún. Bí o bá gbọ́ Faransé lọ́jà wa, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó níbí ló ní ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn odi. Ìròyìn ò sì nílò físà. Kí ìwé kóòtù tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Treichville.

Orúkọ ti wà nílẹ̀ fún obìnrin tó bá padà sílé bàbá rẹ̀: dálémosú. Ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀, mi ò tíì gbọ́ orúkọ tí wọ́n fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí Instagram gbé dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó ló kún ibẹ̀, àwọn obìnrin ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ náà wá. Wọ́n á dá owó ìdána padà, ó parí nìyẹn. Lónìí náà, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bíi tèmi lè lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ẹni tó ṣe ti ríjísírì, High Court ni tiẹ̀, òfin 1970 sì ní bí ìgbéyàwó ọ̀hún kò bá tíì pé ọdún méjì, lọ́pọ̀ ìgbà, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kó tó lè pẹjọ́.

Ṣùgbọ́n kóòtù yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó tú ìgbéyàwó ká. Kò sí adájọ́ tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jí lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì yẹn ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi. Àwọn ìyá àdúgbò. Àáfà. Àwọn tí a jọ lọ síléèwé. Mi ò bú ẹnì kankan o, ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Àmọ́ ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Màá ròyìn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á lọ. Èmi á wá jókòó ti ìròyìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sọ tán. Ẹ wò ó, egbò tí èèyàn mẹ́wàá ń ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀ lójúmọ́, ìgbà wo ló fẹ́ jinná?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí mi ò ní dárúkọ. Ó ń ta aṣọ lọ́jà, àti kékeré la sì ti jọ wà. Òun ò bi mí ní nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ló pè mí: "Aago mélòó lo máa ń jí?"

Mo ní mi ò kì í sùn.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màá wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Wọ bàtà tó ní okùn."

Ẹ má rò pé àánú mi ló ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sọ pé ó fẹ́ bá a jà, wọ́n ní kó máa rìn, kó máa sáré díẹ̀díẹ̀. Ó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ lọ. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn, màá padà sí i.

Ètò tí a tẹ̀lé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Couch to 5K ni wọ́n ń pè é. Josh Clark, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló gbé e kalẹ̀ ní 1996. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wàá kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, wàá sáré fún ìṣẹ́jú kan, wàá rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, wàá máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Ó tán. Nígbà tí mo kà á, mo ní ṣé kiní yìí náà ni wọ́n ń pè ní eré? Kí a tó dé ìgbà kẹta, ó dà bíi pé ẹ̀dọ̀fóró mi fẹ́ gba ẹnu jáde.

Pápá iléèwé kan la ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, a bọ́ sí títì, a gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dé títì, ọlọ́kadà kan rọra dúró: "Ẹ̀yin àǹtí, kí ló ń lé yín?" Ìyá alákàrà náà bèèrè. Àwọn ọmọ iléèwé ń pariwo "Tobi Amusan! Tobi Amusan!" Ẹni tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 fo ọgọ́rùn-ún mítà ní 2022, tí ẹnì kankan ò yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, òun ni wọ́n fi wé èmi tí mò ń mí gúlegúle bí àgbò Iléyá.

Kí ló ń lé yín. Àwọn àgbà ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, torí wọ́n ti ń sọ láàárín ìlú pé mo sá kúrò nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èdè wa dáadáa. Sísá ni ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tí wọ́n fi eré kún un ló di sáré. Ẹni tó ń sá ń wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń sáré ń wo iwájú, ó mọ ibi tó máa dé, ó sì mọ ibi tó ti máa ṣẹ́rí padà sílé. Láràárọ̀ tí a bá jáde, èmi ni mo ń yan ibi tí a máa ṣẹ́rí sí. Ní ọdún yẹn, kò sí nǹkan míì tí èmi ń yàn.

Kí ni eré ṣe fún mi? Mi ò ní pọ́n ọn ju bó ṣe rí lọ.

Ó dá oorun padà. Ẹsẹ̀ tó ti sáré láàárọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lálẹ́.

Ó fún ọ̀sẹ̀ mi ní orí àti ìdí. Nílé ọkọ, gbogbo ọjọ́ ló ní ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ. Bí ìyẹn bá ti kúrò, Ajé àti Jímọ́ ò yàtọ̀ síra mọ́. Eré ní kí n tún mọ̀ pé lónìí ni Ọjọ́rú, pé ẹnì kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó mọ eré sísá ní òdiwọ̀n kan tí kò gba aago, tí kò gba ẹ̀rọ: bí o bá ń sáré tí o ò lè sọ gbólóhùn kan parí, o ti yára jù, dín in kù. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń wọn eré. Ẹni tó bá ń dá sáré, ta ni ó fẹ́ bá sọ ọ́? Nítorí náà a máa ń sọ̀rọ̀. Owó aṣọ. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Iná tí wọ́n mú lọ. A kì í wo ojú ara wa, ojú ọ̀nà là ń wò. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lójú màmá mi, mo sọ ọ́ fún títì, ọ̀rẹ́ mi kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń gbọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹfà kí n tó dárúkọ ẹni tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò bi mí. Èmi ni mo sọ ọ́, látòkèdélẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní: "Ó ku ìṣẹ́jú méjì." A sáré ìṣẹ́jú méjì náà. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí dòní. Ẹ ò mọ bí ara ṣe tù mí tó.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sínú ìtàn ìlú wa, torí mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo, kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa Òrìṣà Ògìyán, ọba Èjìgbò. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ babaláwo, òun ló gbà á nímọ̀ràn ohun tó máa ṣe kí ìlú rẹ̀ lè gbòòrò. Ọ̀rẹ́ yìí wá rìnrìn àjò. Nígbà tó máa fi dé, abúlé ti di ìlú ńlá, ẹ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ó fi orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n jọ ń pè tẹ́lẹ̀, orúkọ oníyán, bèèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní àrífín ni. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Láti ìgbà náà, òjò kọ̀ kò rọ̀, àwọn obìnrin kò bímọ. Ìgbà tí ọba wádìí, tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun ló wà látìmọ́lé, tó tú u sílẹ̀, tó bẹ̀ ẹ́, ni nǹkan tó yí padà. Babaláwo ní òun gbà, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí àwọn ará ìlú máa fi pàṣán na ara wọn. Ìdí nìyẹn tí Ìsàlẹ̀ Òsòlò àti Òkè Màpó fi ń na ara wọn ní àtòrì nígbà ọdún Ògìyán. Wọ́n á nà á tán, ìjà á tán, wọ́n á jọ jẹun.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yẹn rè é. Ọ̀rẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ lé e. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ìtìjú ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà èèyàn. Ẹni tó bá mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ, tó mọ̀ ọ́ kó o tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni ìtìjú máa ń kọ́kọ́ lé, torí ojú rẹ̀ ni o ò fẹ́ kó rí ọ báyìí. Bí ẹni yẹn ò bá sì wọlé, ọ̀dá ni. Èkejì: babaláwo ò ní kí wọ́n wá jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́dọọdún. Ara ló ní kí wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ pé ohun tó wọ àyà, àtẹnu nìkan kọ́ ló ń gbà jáde.

Kì í ṣe Èjìgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta: àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn á máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí á sì wà pẹ̀lú wọn. Òyìnbó wá wò ó kọ́ṣẹ́. Ní Zimbabwe, ní 2006, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo. Kufungisisa ni wọ́n ń pe àìsàn náà lédè Shona, ìyẹn ni pé èèyàn ń ronú jù. Ìwádìí tí wọ́n fi èèyàn 573 ṣe, tó jáde ní 2016, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó bá ìyá àgbà jókòó yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń wà.

Ẹ tún wo Kathrine Switzer. Ní 1967, ó sáré kìlómítà 42 ti Boston nígbà tí wọn ò tíì gba obìnrin láyè. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ eré bẹ́ sójú títì, ó fẹ́ já nọ́ńbà 261 kúrò láyà rẹ̀. Tom Miller, ọkùnrin tó ń fẹ́ nígbà náà, ló fi èjìká ti ẹni náà dànù. Kathrine sáré parí. Ó padà fẹ́ Tom Miller, ìgbéyàwó náà sì tú ká. Ní 1974, òun ló gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin ní New York. Ọkùnrin tó gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ò bá a dé òpin. Eré bá a dé ibi tó ń lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Ṣé eré sísá lè san owó iléèwé ọmọ?" Kò lè san án. Kò lè san owó ilé, kò lè mú kí mọ̀lẹ́bí ọkọ kí ọ lọ́jà. Bí o ò bá lè jẹun mọ́, tàbí tí ọkàn rẹ ń sọ fún ọ pé ikú yá, ilé ìwòsàn ni kó o lọ, kí ọ̀rẹ́ rẹ sì bá ọ lọ. Bí orúnkún rẹ ò bá gbà, rìn. Bó bá jẹ́ oko lẹ jọ ń lọ, ẹ jọ lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni aago kan náà àti ẹni kan náà.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yín pọ̀ níbí. Wọn ò fún yín lórúkọ, wọn ò sì fún yín láyè láti sunkún. Ọ̀rẹ́ yín máa ra ọtí fún yín lẹ́ẹ̀kan, á ní "gbàgbé ẹ̀, obìnrin pọ̀," ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé tí ẹ ti fi sílẹ̀ látìgbà tí ẹ ti gbéyàwó, ẹ padà síbẹ̀.

Ìwọ ọ̀rẹ́ tó ń di fóònù mú, ó yá, gbọ́ tìrẹ:

1. Má bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ó máa sọ ọ́.

2. Má sọ pé "bí o bá nílò nǹkan kan, pè mí." Kò ní pè ọ́. Dá ọjọ́, dá aago.

3. Mú ohun tí ìwọ náà nílò wá. Mo ní màá padà síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀rẹ́ mi ló jẹ́ kí n lè máa jáde lọ́jọ́ tí mi ò fẹ́ dìde. Àánú máa ń sú ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá jáde, òun náà ò ní sáré. Mo wúlò fún ẹnì kan.

4. Lọ títí ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni gbogbo èèyàn máa ń wá. Ọ̀sẹ̀ keje ni ilé máa ń pa lọ́lọ́.

5. Bí obìnrin ni yín, ẹ má dá nìkan wà lójú títì nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, ẹ sáré ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójúkojú, ẹ má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Bí ọyẹ́ bá mú eruku dé, ẹ rìn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí Àbíjàn lóṣù tó ń bọ̀. Aṣọ ló fẹ́ lọ máa kó wálé. Ara mi ò balẹ̀ sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, èmi náà sì ń sùn. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló ti lọ bi í léèrè.

Lálẹ́ àná, mo pè é. Ó ní aago márùn-ún àbọ̀ tẹ́ òun lọ́rùn.